ÌTUMỌ̀ ÀTI ÌLÒ 'ARÁ ILÉ' NÍ Ọ̀YỌ́ ÀTI ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́

Ní ìgbà kan tí a jókòó ti ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń gbára dì fún ìdánwò ìwé mẹ́wàá, a bá ìbéèrè kan pàdé tí ó ní: 'Àwọn wo ni à ń pè ní ará ilé nínú agboolé Yorùbá?' Ìdáhùn tí ó wà nínú ìwé ìtọ́nà tí wọ́n fi lé àwọn olùyẹ̀wò lọ́wọ́ kúrú púpọ̀. Ó ní àwọn ọmọ baba kan náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí ó hàn nínú ìdáhùn rẹ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kọ ọ́ pé gbogbo ẹni tí ń sùn tí ń jí nínú agboolé ni ará ilé. Ó ka àwọn ìyàwó ilé mọ́ ọn, ó ka ayálégbé tí ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ ọn, ó sì fi kún un pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun tí ó ti pẹ́ ní Àbíjàn kì í ṣe ará ilé, ọmọ ilé ni. Òdo ni wọ́n fún un.

Àwa tí a tún ìwé náà yẹ̀ wò ṣe àríyànjiyàn lé e lórí títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn kan nínú wa ní òdo tọ́ sí i, nítorí pé ará ni ẹbí, ẹbí náà sì ni ará. Àwọn yòókù ní ọmọ náà gbọ́ èdè ju ìwé ìtọ́nà lọ. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ṣọ́ bí àwọn ènìyàn Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń lo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ní ìlú méjèèjì, agboolé kò tí ì di ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ohun tí a rí ni a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín. Èrò wa ni pé 'ọmọ ilé' ń tọ́ka sí ibi tí a ti bí ènìyàn wá, pé 'ará ilé' ń tọ́ka sí ibi tí ó ń gbé àti àwọn tí ó ń bá gbé, àti pé ẹni tí ó bá pa méjèèjì pọ̀ yóò ṣi ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan túmọ̀, títí kan ọ̀rọ̀ àwọn ìlú òkèèrè tí a máa fẹnu bà láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ohùn. Ohùn àárín àti ohùn òkè ni ó wà lórí 'ará'. Kì í ṣe 'ara' tí ó ní ẹran àti egungun, kì í ṣe 'àrá' tí ń sán, kì í sì í ṣe 'àrà' tí à ń dá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ 'ara ilé' láìfi àmì sí i ti kọ nǹkan mìíràn. A mọ̀ pé olùyẹ̀wò mìíràn a máa fojú fo èyí, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ ti ìtumọ̀, àmì ohùn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) a. Ó ti di ará ilé wa.
    b. Ó ti di ọmọ ilé wa.

(2) a. Ó ti jẹ́ ará ilé wa rí.
    b. *Ó ti jẹ́ ọmọ ilé wa rí.

Kò sí ẹni tí (1a) yóò ṣe àjèjì sí létí. Àlejò tí ó gba yàrá ní ọdún tó kọjá, tí ó ti mọ ibi tí a ń gbé ìkòkò omi sí, tí ó sì ń dá sí i nígbà tí àwọn ọmọdé bá ń jà, ti di ará ilé. A máa ń gbọ́ (1b) lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwúrí ni. A ń fi í yin ẹni tí ó ṣe dáadáa, òun tí a yìn náà sì mọ̀ pé wọn kò ní pe òun bí wọ́n bá ń pín ilẹ̀. Ní ti (2), ẹni tí ó kó jáde ti jẹ́ ará ilé rí. Ṣùgbọ́n kò sí bí ènìyàn ṣe lè jẹ́ ọmọ ilé rí kí ó má jẹ́ ẹ mọ́. Bí ó lọ sí ìlú òyìnbó, bí ó kú, ọmọ ilé náà ni. Nítorí náà, a lè di ará, a sì lè ṣíwọ́ jíjẹ́ ará. A kì í di ọmọ ilé, a kì í sì í ṣíwọ́ rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni a ó ti wí nípa 'ọmọ ẹgbẹ́', 'ọmọ ogun' àti 'ọmọ iṣẹ́', níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ènìyàn lè di ọmọ ẹgbẹ́ lónìí kí ó sì kọ̀wé fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Ìbéèrè náà mú ọpọlọ dání. Ìdáhùn wa ni pé ohun tí ó tẹ̀lé 'ọmọ' ni ó ń darí ìtumọ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé tàbí orúkọ ìlú ni ó tẹ̀lé e, bíbí ni à ń sọ: ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ó bá jẹ́ àkójọ ènìyàn tàbí iṣẹ́, wíwà lábẹ́ àṣẹ ni à ń sọ. Ẹ ó padà rí i pé ìyàtọ̀ yìí wúlò.

'Ará' ní tirẹ̀ kì í fẹ́ dá dúró. Yàtọ̀ sí ìgbà tí a bá fi pe ènìyàn, tàbí nínú ọ̀rọ̀ àwọn onígbàgbọ́, ó ń fẹ́ ẹ̀yán, ẹ̀yán náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ ibùgbé nígbà gbogbo: ará ìlú, ará àdúgbò, ará oko, ará ọ̀run. Ẹ wo 'ará oko'. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó ní ilé ní ìgboro tí ó sì ní abà lóko. Inú agboolé ni wọ́n bí wọn sí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pẹ́ lóko jù ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi pe ara oko ṣe yẹ̀yẹ́ bí ó bá wọ Akẹ̀sán lọ́jọ́ ọjà. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní 'ọmọ oko'. Ẹ sì wo 'ará ọ̀run', orúkọ tí a ń pe egúngún. A kò bí ẹnikẹ́ni sí ọ̀run. Ibẹ̀ ni wọ́n lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wá kí wa.

Òwe tí gbogbo wa mọ̀ tún jẹ́ ẹ̀rí: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àwọn olùkọ́ a máa fi òwe yìí kọ́ ọmọ pé kí a máa gba ẹbí ẹni níyànjú. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ìdí tí òwe náà fúnra rẹ̀ sọ. Kò ní nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Ó ní nítorí pé a kò ní rí oorun sùn. Ọmọ ìyá ẹni tí ó ń jẹ kòkòrò búburú ní Kánò kò lè fi hẹ̀rẹ̀huru dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ oorun ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ayálégbé tí ògiri kan ṣoṣo pààlà àwa àti òun lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí a bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, òwe mìíràn wà: ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. 'Ọmọ' ni àwọn àgbà lò níbẹ̀.

Bí a bá wo ìtàn ìlú méjèèjì, a ó rí i pé kò lè ṣàì rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí kì í ṣe Ọ̀yọ́ Ilé. Àgọ́ Ọ̀jà ni ó ń jẹ́ kí Àtìbà tó sọ ọ́ di ìjókòó Aláàfin ní àwọn ọdún 1830, lẹ́yìn tí ogun ti tú Ọ̀yọ́ Ilé. Samuel Johnson, tí ó jẹ́ àlùfáà ní Ọ̀yọ́ tí ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, kọ ọ́ bí Àtìbà ṣe kó àwọn ènìyàn ìlú àyíká wá kún Àgọ́ kí ó lè tó ìlú ọba. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìtàn sọ pé ọdẹ ni àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, èéfín ni wọ́n sì fi mọ̀ pé ẹnìkan wà nítòsí. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Alóńgò sílẹ̀, ilé Ògúnlọlá ni wọ́n sì ń péjọ sí. Ògúnlọlá yìí náà ni ó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ lọ fún Aláàfin, tí ìlú fi ń jẹ́ Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí ó wá di Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ogun Fúlàní dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí ìlú wọn fọ́ tún rọ́ wọ inú odi Ògbómọ̀ṣọ́. Ìlú tí ó rí báyìí kò lè fi bàbá kan ṣoṣo ṣe ìpìlẹ̀. Ó nílò ọ̀rọ̀ tí yóò kó gbogbo ẹni tí ó jọ wà nínú odi pọ̀, ó sì nílò òmíràn tí yóò fi ìdí olúkúlùkù hàn. 'Ará' ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́. 'Ọmọ', pẹ̀lú oríkì orílẹ̀ tí ń tẹ̀lé e, ṣe èkejì.

Níbi ọ̀rọ̀ ìyàwó ni nǹkan ti dùn jù. Ìyàwó ilé ni ará ilé tí ó dájú jù lọ. Òun ni ó ń gbálẹ̀, òun ni ó ń pọnmi, òun ni ó sì mọ oríkì ilé ọkọ rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ àwọn tí a bí síbẹ̀ lọ. Ní ojúmọ́, òun ni yóò kúnlẹ̀ ki ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilé, bí ó tilẹ̀ pé ọgọ́ta ọdún níbẹ̀. Ọmọdébìnrin ọdún mẹ́ta tí ó ti wà nílé kí ìyàwó tó dé, ọkọ ni ó jẹ́ fún un. Kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, àfi kí ó fún un ní orúkọ mìíràn: Ìbàdíàràn, Adúmáadán, Ìdílẹ̀kẹ̀. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí nínú ìwé The Invention of Women tí ó jáde ní 1997. Ó fi hàn pé nínú agboolé Ọ̀yọ́, ìyàtọ̀ tí ó gbawájú kì í ṣe ti akọ àti abo bí kò ṣe ti ọmọ ilé àti aya ilé, àti pé ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ni àgbà. A gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí àwa fẹ́ fi kún un kò ju pé 'ará ilé' ni àwọn ènìyàn ń lò nígbà tí wọn kò bá fẹ́ ya ọmọ sọ́tọ̀ kúrò lára aya, tí wọ́n sì fẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ, tí wọn kì í sì í ṣe aya. Ẹni tí ó bá kí wa ní Tákí pé 'Ará ilé ńkọ́?' kò ní ká yọ ìyàwó wa tàbí ayálégbé wa sílẹ̀ nígbà tí a bá ń dá a lóhùn pé wọ́n wà.

Òdìkejì ìyàwó ni dálémosú. Obìnrin tí ó lọ sílé ọkọ kúrò ní ará ilé bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá padà dé pẹ̀lú àpótí lórí, kò sí ẹni tí yóò bi í pé ta ni ó fún un láyè. Ó tún di ará ilé. Ọmọ ilé kò fìgbà kan kúrò lára rẹ̀. Bákan náà ni ó rí ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní Gánà pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò Yorùbá tí wọ́n wà ní àríwá Gánà, ní Tàmálè àti agbègbè rẹ̀. Ọmọ tí a bí sí ọ̀hún, tí kò fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí, ọmọ ilé ni ní ọjọ́ tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, nítorí orúkọ bàbá rẹ̀. Kí ó tó di ará ilé, ó ní láti mọ ojú àwọn ènìyàn ná, kí àwọn náà sì mọ tirẹ̀. Bí yàrá kò bá sì tó, ayálégbé ni yóò kó jáde fún un. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ìyàtọ̀ 'ará' àti 'ọmọ' kúrò ní ọ̀rọ̀ gírámà nìkan. Òun ni ó ń sọ ẹni tí yóò sùn síta.

Àwọn tí wọ́n ní ará ni ẹbí kò ṣàì ní ẹ̀rí tiwọn. Wọ́n ń tọ́ka sí 'arákùnrin' àti 'arábìnrin', wọ́n sì ń tọ́ka sí Bíbélì Yorùbá, níbi tí 'ẹ̀yin ará' ti pọ̀ lọ jàra. A gbà pé ìlò yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ so pọ̀: iyèkan fún ọmọ ìyá, ọbàkan fún ọmọ bàbá. Àjàyí Crowther, tí ó jẹ́ òpómúléró nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, ọmọ Òṣogùn ni, inú èdè Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì bí i sí. Lójú tiwa, kò ṣèèṣì kọjá iyèkan nígbà tí ó ń wá ọ̀rọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ tí ìyá kan náà kò bí. Láti inú ìjọ ni 'arákùnrin' ti wá gba ipò ọmọ ìyá nínú ìwé. Nínú ìwé ìpè sí ìnáwó, a ṣì ń kọ 'ẹbí, ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀'. Bí ará bá jẹ́ ẹbí, èwo ni ti kíkà á lẹ́ẹ̀mejì?

Ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní ìtumọ̀ èdè. Láàárín ọjọ́ 18 oṣù kẹta àti ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1871, àwọn ará Paris gba ìjọba ìlú wọn sọ́wọ́ ara wọn, wọ́n sì pè é ní Commune. Àwọn ọ̀tá wọn ń pè wọ́n ní communard láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Communeux ni àwọn tiwọn fẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀sín náà ni ó borí, tí ó sì di orúkọ iyì nígbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ yìí tàn dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn ní ibi tí ohun ìní ti jẹ́ ti gbogbo wọn. Ní Ísírẹ́lì, níbi tí irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Deganya ní 1910, 'ọ̀rẹ́' ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ara wọn. Kí ni Yorùbá yóò pè é? A ti rí 'ọmọ ẹgbẹ́' nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́, kò sì tẹ́ wa lọ́rùn. Ọmọ ẹgbẹ́ ń dáwó, ó ń wá sí ìpàdé, lẹ́yìn náà ó ń padà lọ sídìí ìkòkò ọbẹ̀ tirẹ̀. 'Alááró' kò tó, nítorí oko nìkan ni àáró mọ.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù ni Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tí à ń pè ní Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó sétí òkun. Kò sí ẹni tí ó ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àpò kan ni owó ẹja àti owó iṣẹ́ ọwọ́ ń wọ̀, láti inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bọ́ gbogbo ènìyàn tí wọ́n sì ń dáṣọ fún wọn. Ó di ọdún 1968 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè gba olúkúlùkù láti máa ṣòwò tirẹ̀. Ẹni tí ó ti inú Ìlàjẹ wá ní 1947 tí ó kó ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo wọn kò lè jẹ́ ọmọ Ayétòrò, nítorí pé Ayétòrò kò tí ì bí ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ará Ayétòrò ni. Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọmọ Ayétòrò, kódà bí wọ́n bá ń gbé Èkó, tí wọ́n sì ní ilé ìtajà tiwọn. Bí ó ti rí ní agboolé Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí a máa lo 'ará àjùmọ̀ní' fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, kí a sì pe ibi tí wọ́n ń gbé ní 'agboolé àjùmọ̀ní' bí ó bá kéré, tàbí 'ìlú àjùmọ̀ní' bí ó bá tó ìlú. Ti Paris ti 1871 ṣòro díẹ̀, nítorí pé ìjọba ìlú ni ìyẹn ju ìkòkò ọbẹ̀ kan náà lọ. 'Ará Kọ́múùnù' ni a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa. Bí olùkọ́ kan bá ní èyí tí ó sàn jù, a ń fẹ́ gbọ́.

Ní ti ìdánwò, a kò ní kí a fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé ẹbí ni ará ilé, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé tí ó kà ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kí ó gba ìdajì máàkì. Ẹni tí ó bá ya ará ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ ilé, tí ó sì fún wa ní àpẹẹrẹ láti inú agboolé tí ó mọ̀, òun ni kí ó gbà á tán. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ilẹ̀ ti ṣú kí a tó fohùn ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n a pa òdo rẹ̀ rẹ́, a sì kọ márùn-ún nínú márùn-ún síbẹ̀.